Kí A Tó Ṣí Kọ̀ǹpútà

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ wà ní Mọ́níyà, lójú ọ̀nà ọjà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń tò sí de àwọn tó ń lọ sí abúlé. Mọ́níyà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìrókò, sí Ìjàyè, sí àwọn abà tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń já èrò láti ọdún 2021. Lára pátákó wa, a kọ ọ́ pé a ń yàwòrán, a ń tẹ̀wé, a sì ń kọ pátákó. Iṣẹ́ tó ń wọlé ju ìyẹn lọ. Pósítà òkú, kálẹ́ńdà ìjọ, ìwé ìpè ìgbéyàwó, lébẹ̀lì gààrí, àmì ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, orúkọ tí onímọ́tò fẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń du ipò káńsílọ̀ máa fi polongo ara rẹ̀: ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀.

Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ọdún 1928 ni wọ́n dá West African Publicity sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó di Lintas lẹ́yìn náà. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, ẹnì kan ló ń kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ń yàwòrán, ẹlòmíràn ló ń bá oníbàárà dúnàádúrà, tí ẹlòmíràn sì ń ra àyè sínú ìwé ìròyìn. Ní tiwa, ọ̀gá wà, Àǹtí tó ń gba owó tó sì ń kọ ìwé wà, ọmọ iṣẹ́ àgbà kan wà tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, èmi náà sì wà. Ẹni tó bá jí dé ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ ni yóò gbálẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá bá níbẹ̀ ni yóò ṣe é. Bí mo ṣe ń lẹ stíkà lónìí, ọ̀la mo lè wà lórí àkàbà, kí n máa so báńà mọ́ òpó lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn àwòrán, mo sì fẹ́ mọ ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, CorelDraw, lò. Mo mọ̀ ọ́n lò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá mi fi ọdún àdéhùn wa kọ́ mi jù ni bí a ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, kí a tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá. Mo gbà pé òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Èyí tó kù, ọwọ́ lásán ni.

Búrọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí òun alára ń kọ́ṣẹ́, kò sí flex, ọ̀rá tí a ń tẹ báńà sí, ní gbogbo agbègbè wa. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sára pánù, sára ògiri, sára pákó bọ̀lẹ̀kájà. Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun kankan kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà àfi tí ó bá ti lè fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó má wọ́. Bùọ̀dá ló kọ́ mi bí a ṣe ń pa okùn. A ó ti fi ọ̀dà funfun kun pánù, yóò ti gbẹ mọ́jú. A ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù pa okùn tín-ín-rín kan dáadáa, èmi á di etí kan mú, òun á di èkejì mú, a ó fà á le lórí pánù náà. Lẹ́yìn náà yóò fi ìka méjì gbé àárín okùn sókè, yóò jù ú sílẹ̀, pá! Ìlà á ti hàn, tààrà, kò sí rúlà tó lè fa irú rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ìlà méjì ni a ó ti fi pẹ́ńsù fa lẹ́tà, kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé. Igi kan wà tí a wé àkísà mọ́ lórí, òun ni a ń gbé ọwọ́ lé kí ó má baà gbọ̀n, kí àtẹ́lẹwọ́ má sì ba ọ̀dà tútù jẹ́. Lẹ́tà O ló le jù. Ẹni tó bá lè fa O lẹ́ẹ̀kan lápá òsì àti lẹ́ẹ̀kan lápá ọ̀tún, tí ìpàdé wọn kò sì hàn, ó ti ń di oníṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ àlàfo. Bí o bá fi rúlà wọn ààrin lẹ́tà kan sí èkejì kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kò ní dọ́gba lójú. Lẹ́tà A àti V tí wọ́n bá fara kanra, ojú á rí i pé wọ́n jìnnà síra. H àti I tí a bá fún ní àlàfo kan náà, wọ́n á fún pọ̀. "Ojú ni kí o fi wọ̀n ọ́n," ni ọ̀gá ń wí. Títí di òní, bí kọ̀ǹpútà bá to lẹ́tà fún mi, mo ṣì máa ń fà wọ́n súnmọ́ra tàbí kí n sún wọn síra, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tí mo fi di búrọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi ṣe é.

Iṣẹ́ òkú ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù wa dúró. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá, ó sì máa ń yá. Tí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á ti sin ín lọ́jọ́ tó kú, fídáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń bá bọ̀, gbogbo nǹkan sì gbọ́dọ̀ ti jáde kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn onígbàgbọ́ lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹbí kì í tètè fẹnu kò, nítorí náà ìparí rẹ̀ ni wọ́n á wá bá wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó ń gbé Èkó wá pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, bàbá wọn ti kú ní abà kan lẹ́yìn Ìjàyè. Ó ti to orúkọ sórí fóònù rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú. Ọ̀gá kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ó ní kí Àǹtí wá omi fún wọn. Kò sọ̀rọ̀ owó. Ó bèèrè orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá ládùúgbò, ó bèèrè iṣẹ́ tó ṣe, ó bèèrè oyè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ìlú, ó bèèrè iye ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bèèrè pé, "Ẹ̀yin ni àkọ́bí bàbá?"

"Rárá sà. Àǹtí wa kan wà. Ilé ọkọ wọn ní Lálúpọn ni wọ́n wà."

"Ẹ bá mi pè wọ́n lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti ní kí a máa ṣe é lọ, a ó bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n pè é. Obìnrin náà kò bínú rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni fọ́tò tí wọ́n fẹ́ lò. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan wá, wọ́n sì ti ní kí a wá agbádá tó dára gbé wọ bàbá lọ́rùn, bí a ṣe máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe é. Obìnrin náà ní kò sí agbádá tí bàbá òun ń wọ̀. Dàńṣíkí ni, àti fìlà abetí-ajá. Ó ní fọ́tò kan wà lọ́wọ́ òun tí wọ́n yà níbi tí bàbá ti ń wọn kòkó, kí a dúró kí ọmọ òun fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ya, òjò ti kan apá kan. Bùọ̀dá fi ọ̀sán ọjọ́ náà tún un ṣe, mo jókòó tì í, mò ń wo bó ṣe ń ṣa àmì òjò kúrò lójú bàbá kò sì fọwọ́ kan ilà ojú rẹ̀. Nígbà tí báńà náà jáde, àwọn ará abà tó wá síbi òkú ń dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń kí bàbá bí ìgbà tó wà láyé. Bí ó bá ṣe agbádá ni, wọn kì bá tí dá a mọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ìdí tí ọ̀gá kì í fi í gba iṣẹ́ òkú lórí fóònù nìkan. Orúkọ tó ṣáájú, orúkọ tó gbẹ̀yìn, ìyàwó tí wọ́n gbàgbé, ọmọ tí ẹbí kò kà mọ́ra: ìjà tí ó lè bẹ̀rẹ̀ lórí báńà kan lè pẹ́ ju báńà náà lọ. Bí ẹni tó kú bá sì jẹ́ ọ̀dọ́, a kì í fi òdòdó àti àwọ̀ góòlù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí a fi sí i. Ọ̀gá á ṣàlàyé fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á sì gbà.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lórí orúkọ wà lára ohun tí ọ̀gá kì í fojú kékeré wò. Láti ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ní Èkó ní 1875 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ìjọba sì tún un tò ní 1974, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ pátákó tó wà láàárín Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mọ́níyà kò ní àmì kankan. Ẹ̀bi náà kò pin sọ́dọ̀ akọpátákó. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni kò mọ ẹ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì òkè á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí àyè rẹ̀. Bùọ̀dá ní ìwé kan tó kọ orúkọ irú lẹ́tà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Bí èyí tí oníbàárà fẹ́ kò bá gba àmì, a ó fi ọwọ́ fa àmì náà, a ó gbé e sí ibi tó yẹ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ àkókò, a kì í sì í gba owó lé e. Mo nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ kékeré yìí ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá lọ.

Bí iṣẹ́ bá ti parí lórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mo ń gbé fláàṣì lọ sí Mọ́kọ́lá. Àwa kò ní ẹ̀rọ ńlá, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní in. Mọ́kọ́lá ni àwọn atẹ̀wé Ìbàdàn pọ̀ sí. O máa wọ ọkọ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀, o máa gba Sáńgo, kí o tó débẹ̀ ni òórùn yíǹkì á ti pàdé rẹ. Ẹ̀rọ Heidelberg tí wọ́n ṣe ní Jámánì, àwọn Kord àti GTO tó ti dàgbà ju èmi lọ, ń dún kíkankíkan nínú yàrá tí kò fẹ̀. Àwọn tó ń lò wọ́n lè fi etí mọ ìgbà tí bébà fẹ́ há. Níbẹ̀ ni mo ti rí àlàyé àwọ̀ lójú mi. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń ṣe tirẹ̀, nítorí náà àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran lórí kọ̀ǹpútà lè di ti ewé gbígbẹ lórí bébà. Ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá máa ń jẹ́ kí n dúró tì í bí yíǹkì ìyeyè bá ń kọ́kọ́ wọlé, tí pupa ń tẹ̀lé e, tí búlúù ń bò wọ́n, tí dúdú wá ń mú ojú àti irun jáde nígbẹ̀yìn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ ti ń gbé iṣẹ́ yìí dúró láàárín wa. Ní 1854, míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé. Ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti ibẹ̀, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ìdàrúdàpọ̀ Ìfọ́lé ti 1867, èyí tó lé àwọn míṣọ́nnárì lọ, ló sì pa á rẹ́. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ronú kan àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ to lẹ́tà náà. Ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi ni wọ́n.

Iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo bá wọn ṣe ni ti gààrí. Àwọn obìnrin kan láti ẹ̀bá Ìrókò ló gbé e wá. Wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ṣe gààrí, ẹ̀yà tó ní èròjà fítámì A nínú. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tó ti wà nínú ilẹ̀ Akínyẹlé wa níbí láti 1967, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, ọdún 2011 ni ìjọba sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí àgbẹ̀ Nàìjíríà máa gbìn ín. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni "lébẹ̀lì tó máa fani mọ́ra". Ọ̀gá ní kí a lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

A lọ. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ìbòòji, ẹ̀rọ ń lọ̀ ọ́, àpò tí wọ́n rọ ọ́ sí wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìfúnmi, obìnrin kan ń sẹ́ ẹ, ẹnì kan sì wà nídìí agbada níbi tí èéfín ti ń pọ̀. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí àwọn tó ń rà á ń wí. Ìyá tó ń yan gààrí ló sọ ọ́: "Wọ́n ní epo la fi sí i. Gbogbo ẹni tó bá ti rí i tó pọ́n báyìí, epo ló máa pè é, wọ́n á ní àwọn ní gààrí elépo nílé."

Ìṣòro wọn nìyẹn, kò sí ẹni tó mẹ́nu kàn án ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni èèyàn ti ń da epo pupa sí gààrí kí ó lè pọ́n, nítorí náà àwọ̀ tó yẹ kí ó tà á gan-an ló ń ṣe é ní jàm̀bá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lébẹ̀lì náà ti jáde: a kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀gẹ́ ló pọ́n, kò sí epo nínú rẹ̀. A ya ẹ̀gẹ́ tí a dá sí méjì kí inú rẹ̀ hàn. Bùọ̀dá fẹ́ kí gbogbo ọ̀rá náà ní àwọ̀, ọ̀gá ní rárá, kí a fi àyè kan sílẹ̀ tó mọ́ gaara. Ó ní bí èèyàn bá dé ọjà Bódìjà, yóò tọwọ́ bọ gààrí, yóò bù ú sẹ́nu. Ẹni tó bá ń ra ti inú ọ̀rá kò lè tọ́ ọ wò, ẹ jẹ́ kí ó rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òfin dé. Oúnjẹ tí a bá dì tà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀, kí ìwọ̀n wà, kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́ wà. A fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ kí a tó gbé àwòrán sí i. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fẹ́ kí a kọ ọ́ pé gààrí náà ń wo àrùn ojú sàn. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni a ó kọ. Ti owó náà tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ nǹkan sára ọ̀rá fúnra rẹ̀ máa ń ṣe sílíńdà kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ ga, wọn kì í sì í tẹ díẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rá tó mọ́ gaara lásán ni wọ́n rà, stíkà ni a tẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń lẹ̀ ẹ́ nílé. Mo ti rí gààrí náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sáńgo. Mo dúró wò ó títí.

Owó iṣẹ́ yìí kò dúró sójú kan. Ìdajì ni oníbàárà ń san kí a tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn. Flex, bébà àti yíǹkì, òkè òkun ló ti ń bọ̀, bí dọ́là bá ti gbéra, iye tí a ń ta fúùtù kan gbọ́dọ̀ gbéra. Ìbò 2023 ló kọ́ mi púpọ̀ nípa owó. Ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2022, iṣẹ́ wọlé débi pé a ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di oṣù kìíní àti oṣù kejì, owó náírà di ọ̀wọ́n nítorí pípààrọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, oníbàárà wa láti abúlé kò rí owó tí yóò fi wọkọ̀ wá gba iṣẹ́ tó ti san owó lé. Olóṣèlú kan tí kò wọlé kò san ìyókù owó wa títí di òní. Kò pẹ́ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, àti tan jẹnẹrétọ̀ di ohun tí a ń ṣírò kí a tó ṣe é. Ọ̀gá yí àkókò iṣẹ́ padà: ìgbàkígbà tí iná bá dé, àní ní òru, ẹni tó súnmọ́ jù yóò lọ tan kọ̀ǹpútà.

Ní báyìí, oníbàárà ń fi fóònù ṣe iṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n á mú un wá pé kí a sáà bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ wa ti parí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Fóònù lè to lẹ́tà, ó sì lè tò ó dáadáa. Kò lè pe àkọ́bí obìnrin ní Lálúpọn. Kò lè jókòó sórí àpótí ní ẹ̀bá Ìrókò kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ epo lẹ́nu ìyá tó ń yan gààrí. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí lónìí ní láti mọ fóònù àti kọ̀ǹpútà lò dáadáa, mo sì fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ wa gbogbo, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, máa gbé iṣẹ́ wọn fún irú àwọn ṣọ́ọ̀bù báyìí dípò kí wọ́n máa gbé e lọ sí ìlú ńlá. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 ló fi àbójútó pátákó ìpolówó sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe owó orí pátákó nìkan ló yẹ kí wọ́n rí níbẹ̀.

Mo ṣe fúrídọ̀mù mi, àwọn òbí mi wá, ọ̀gá gbàdúrà fún mi, ó sì bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí mi níwájú gbogbo ènìyàn. Lálúpọn ni mo wà báyìí, èmi àti ayafọ́tò kan la jọ gba yàrá kan. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni àmì fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìẹ ní agbègbè Ìyànà Ọ̀fà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ àkùkọ, àwọn obìnrin inú wọn ní ẹyin ló ń bọ́ wọn, kì í ṣe àkùkọ. N kò tíì ya nǹkan kan. Mo ti ní kí akọ̀wé wọn sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n wá, àti àwọn tó ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, Ọjọ́bọ̀ ni a máa jókòó.